Àkísà Mẹ́sàn-án Tó Dín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Hersilia Bohórquez jẹ́, kó lọ dúró sí ilé ìtẹ̀wé ọ̀gá rẹ̀, don Eliécer Mahecha, ní àdúgbò Ricaurte láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kó wo bó ṣe ń ka àkísà. Kì í kà á bí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ó ń kà á bí ìyá tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ lọ sójà, tó padà délé, tó ń wò ó bóyá gbogbo wọn ló bá òun bọ̀. Ọgọ́ta aṣọ pupa ló ń pín fún àwọn tó ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kí wọ́n fi nu íńkì kúrò lára rólà, ọgọ́ta náà ló sì gbọ́dọ̀ gbà padà nírọ̀lẹ́, wọn ì báà ti ya, wọn ì báà máa kán tótó fún varsol tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀rọ. Bí ọ̀kan bá dín, kò sẹ́ni tó máa tètè délé.

Lẹ́yìn kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá rin gbingbin, á jù ú sínú garawa onírin tí omi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, á sì pa ọmọrí dé. Èyí tí kò bá rin tó bẹ́ẹ̀, á kó o gun orí òrùlé lọ, á sá a sórí wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí etí ọ̀kan má fara kan ti èkejì. Kò gbọ́dọ̀ sí òkìtì. Kò gbọ́dọ̀ sí ìdì. Ẹni tó bá ká àkísà méjì sínú ara wọn níṣojú rẹ̀, ọjọ́ náà ló máa gbọ́ ohun tí ìyá tó bí i kò sọ sí i rí. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ fi sọ ọ́ ní doña Má-kó-wọn-jọ, ìyẹn ìyáàfin Má-kó-wọn-jọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ o, nítorí kò sí èyí tó láyà láàárín wọn.

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lè fìdí mọ́lẹ̀. Ìnàró ló ń jẹun ọ̀sán. Bó bá wọ bọ́ọ̀sì, yóò ti dìde nígbà tó bá ku ibùdókọ̀ mẹ́ta kó débi tó ń lọ. Imú rẹ̀ kì í sinmi. Ó ń gbóòórùn kiri bí ẹni tí ọbẹ̀ ń jóná nílé aládùúgbò rẹ̀. Èmi ò mọ ẹni tó lè bá irú èèyàn bẹ́ẹ̀ gbé, ó sì jọ pé òun náà ò mọ̀, nítorí òun nìkan ló ń dá gbé yàrá kan ní àdúgbò Bosa.

Ohun tó ń lé e kiri kò ju ọ̀kan lọ. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nílé ìtẹ̀wé mìíràn tí kò jìnnà síbẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ìgbà náà ní àwọn oníbàárà pàtàkì ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó kó ìdọ̀tí kúrò lójú. Hersilia kó gbogbo àkísà ọ̀sẹ̀ kan jọ, ó kì wọ́n bọ inú ọ̀rá dúdú ńlá kan, ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ó fi okùn dì í lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn. Inú rẹ̀ dùn sí bí ibẹ̀ ṣe mọ́. Kílẹ̀ tó mọ́, ilé náà ti jó. Wọ́n ní wáyà iná ni. Òun náà ní wáyà iná ni, ó bá wọn káàánú, ó sì wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọkùnrin panápaná kan wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àdúgbò lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní epo tó wà nínú íńkì máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó bá ti ń gbẹ. Bí àkísà bá wà ní títẹ́, ooru náà á bá afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá wà ní dídì, kò ríbi gbà jáde, á máa pọ̀ sí i títí á fi gbiná láìsí ẹni tó ṣá ìṣáná sí i. Àwọn yòókù ń yán. Òógùn bo Hersilia láti orí dé ẹsẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka àkísà.

Ì bá sàn fún un bó bá jẹ́ ilé nìkan ló jó. Anatolio Tibaquirá, ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé náà, wà nínú rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n iná ba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì jẹ́, ìka mẹ́ta lọ́wọ́ òsì rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ara wọn. Kò lè ṣọ́lé mọ́. Ó wá di ẹni tó ń ta kọfí ní kọ̀rọ̀ ilé ìtẹ̀wé don Eliécer, ó to àwọn fúláàsì rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ọmọ ìkókó àtijọ́ kan tó ń tì kiri. Àràárọ̀ ni Hersilia ń ra kọfí lọ́wọ́ rẹ̀. Kọfí máa ń ta á nínú, ṣùgbọ́n ó ń rà á. Yóò wo ọwọ́ yẹn bó ṣe ń rọ ọ́ sí ife, yóò gbé e mì, yóò sì wọlé lọ. Kò sí àárọ̀ tí kò ronú pé òní ni òun máa sọ ọ́, kò sì sí àárọ̀ tó sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan wá dé nínú oṣù kọkànlá, tí ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta wà níwájú, tí ẹ̀rọ sì ń tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tuntun jáde láìsinmi. Hersilia ka àkísà nírọ̀lẹ́, ó bá mọ́kànléláàádọ́ta. Ó tún un kà. Mọ́kànléláàádọ́ta náà ni. Mẹ́sàn-án ti dín.

Ó lọ dúró gbọn-in sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kò sẹ́ni tó ń jáde. Wọ́n wo abẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n wo ẹ̀yìn ìdì bébà, wọ́n wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó tú àpótí irinṣẹ́ wọn dà sílẹ̀. Ó bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, Nevardo Quimbayo tó ń bójú tó ẹ̀rọ ńlá ló sì búra jù. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń gbé aṣọ iṣẹ́ wọn lọ sílé fún fífọ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tí kò mú ọ̀rá kan dání. Hersilia ní òun fẹ́ tú àwọn ọ̀rá náà wò. Don Eliécer, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ti ń dúró nínú mọ́tò láti nǹkan bí wákàtí kan, ló sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

"Doña Hersilia, àkísà ni, kì í ṣe wúrà. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn yìí máa lọ jàre."

Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn. Don Eliécer ló ti ilẹ̀kùn onírin, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì gba ibi tí oòrùn ti ń mú lọ láti lọ wẹ̀ nínú omi. Hersilia délé, kò rí oorun sùn. Ó rò ó pé àwọn ọmọ wọ̀nyí á ti kì wọ́n bọ ẹ̀yìn nǹkan kan, tí wọn yóò wà níbẹ̀ ní kíká lọ́jọ́ mẹ́ta gbáko nínú ilé tí bébà kún dé àjà, tí kò sì sẹ́ni tó máa ṣí i. Bó ṣe ń yí sọ́tùn-ún ló ń yí sósì.

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ti bá a níwájú ilẹ̀kùn onírin náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án nísàlẹ̀, ó fi kàn án láàárín, ó na ẹsẹ̀ kó lè fi kàn án lókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sí ojú kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Anatolio wà níbi tó máa ń wà, nítorí àwọn ilé ìtẹ̀wé kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

"Doña Hersilia, ṣé ara ilẹ̀kùn náà ò yá ni, tí ẹ fi ń fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un pé mẹ́sàn-án ti dín, pé òun ti pe don Eliécer lẹ́ẹ̀mẹta, pé ìyàwó rẹ̀ ló gbé e nígbà ìkẹta tó ní ọkọ òun wà nínú omi, pé Nevardo sì ti pa fóònù tirẹ̀. Anatolio ń rọ kọfí lọ́wọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Kọfí kún ife, ó ṣàn sílẹ̀, kò dáwọ́ dúró títí tí Hersilia fi pe orúkọ rẹ̀.

Anatolio wá sọ ohun tó rí. Nevardo kì í kọjá láìmu kọfí. Lánàá, òdìkejì títì ló gbà, ó gbá ọ̀rá dúdú kan mọ́ àyà, òórùn varsol tó wà lára rẹ̀ sì sọdá títì bá Anatolio níbi tó wà. Hersilia kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tó ti mú ọ̀nà bọ́ọ̀sì pọ̀n. Ó gbọ́ tí ọkùnrin náà ní kó dúró. Anatolio ti gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún aránbàtà tó wà nítòsí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀.

Ó ní òun mọ ilé Nevardo, òun á bá a lọ. Hersilia ní ọ̀nà náà jìn, òkè ni, kò yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Èmi ni mo ni ẹsẹ̀ mi, doña. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Kò wù ú kí ọkùnrin náà bá a lọ. Wíwò tó ń wò ó fún ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀ ti tó o, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n kò mọ ilé, nítorí náà wọ́n jọ wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n sì jọ wọ àpótí onígíláàsì tó ń rìn lórí wáyà lọ sí òkè Ciudad Bolívar. Ó dìde dúró nínú rẹ̀, àpótí náà ń fì, obìnrin kan tó gbé adìyẹ sórí itan ní kó jọ̀ọ́ kó jókòó kó má baà pa àwọn. Ó jókòó sí etí àga. Ilé ń kọjá nísàlẹ̀ wọn, òrùlé páànù lórí òrùlé páànù, gbogbo èéfín tó bá sì rí, àyà rẹ̀ á já. Ẹni tó ń se ọbẹ̀ ni. Òmíràn tún ni. Ẹni tó ń sun ẹran ni. Ó ń ṣírò wákàtí lórí ìka: láti ìrọ̀lẹ́ àná di àárọ̀ yìí. Ti ìgbà yẹn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Anatolio ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ṣàdédé gbójú sókè.

"Mẹ́sàn-án péré, ṣé ó lè gbóná?"

Ẹnu ya Hersilia, nítorí kò mọ̀ pé ẹni tó ń ta kọfí mọ̀ nípa gbígbóná àkísà. Ó ní ó kù sí ohun tó wà lára wọn. Bó bá jẹ́ varsol nìkan, bóyá. Bó bá jẹ́ fáníṣì, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà mi orí, ó sì padà sí wíwo bàtà rẹ̀.

Àtẹ̀gùn ló kù láti ibi tí wọ́n ti bọ́ọ́lẹ̀. Hersilia gùn ún lọ, ó wẹ̀yìn, Anatolio ṣì wà nísàlẹ̀, ó padà sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, kò lè fara dà á, ó tún gùn ún lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìkẹta ni Anatolio nawọ́ sí ilé aláwọ̀ ewé kan, ó ní kó máa lọ, òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nevardo ló ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ wú fún oorun, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Nígbà tó rí ẹni tó kanlẹ̀kùn, ó kí i lẹ́ẹ̀mejì.

"Níbo ló wà?"

"Kí ni, doña Hersilia?"

"Nevardo."

Ọmọkùnrin náà tẹrí ba, ó sì nawọ́ sókè, síbi tí wọ́n ti ń fọṣọ lórí òrùlé. Ìyá rẹ̀, doña Obdulia, wà níbẹ̀ tó ń fọ aṣọ ìbùsùn nínú táńkì onísìmẹ́ńtì, ìkòkò ọbẹ̀ sì ń hó lórí sítóòfù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láàárín ògiri àti sílíńdà gáàsì ni ọ̀rá dúdú náà wà, ó rọra jókòó jẹ́ẹ́.

Hersilia fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé oòrùn ni. Ó wá fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tó kọjú sí ògiri tí oòrùn kò dé, ó sì rí i pé ibẹ̀ gbóná ju tìta lọ. Ó wọ́ ọ̀rá náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì lọ sí àárín òrùlé, ó fa ẹnu rẹ̀ ya. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lókè, wọ́n ká a róbótó, inú rẹ̀ ni àwọn àkísà wà, wọ́n ká wọn mọ́ra pinpin bí orí ọmọ titun. Bó ṣe ń tú wọn, èyí tó wà láàárín ti pọ́n bí ìsàlẹ̀ búrẹ́dì tó pẹ́ nínú ààrò, okùn èéfín tín-ín-rín kan sì yọ jáde nínú rẹ̀. Kò dúró ronú. Ó kó gbogbo wọn, ó rì wọ́n bọ inú táńkì.

"Aṣọ ìbùsùn mi wà níbẹ̀ o," ni doña Obdulia wí.

Kò gbọ́ ọ. Ó ń kà wọ́n lábẹ́ omi. Mẹ́sàn-án pé.

Nígbà tí ìyá náà rí èéfín tó ṣì ń fò lókè táńkì, tó tún wo sílíńdà gáàsì, òun náà ò tún dárúkọ aṣọ ìbùsùn mọ́. Ó pa iná ọbẹ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní kó ṣàlàyé. Nevardo ní agolo fáníṣì ló dà lọ́wọ́ òun lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì. Aṣọ mẹ́sàn-án tó mọ́ ni òun fi nù ún kúrò nílẹ̀. Bí òun bá kó mẹ́sàn-án lọ fún doña Hersilia lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo wọn le gbagidi fún fáníṣì, òun mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Òun ní kí òun fọ̀ wọ́n nílé, kí òun rọra jù wọ́n sáàárín àwọn yòókù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ẹnu yín ni mo sá fún, doña. Ẹ má bínú. Ẹnu yín ni."

Hersilia ti ya ẹnu náà láti fi bú u. Ó tún pa á dé. Ó ti lo ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá láti ka àkísà kí wọ́n má baà gbóná níbì kankan, kíkà yẹn gan-an, àti ẹnu mímú tó fi ń tì í lẹ́yìn, ló sì gbé mẹ́sàn-án wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gáàsì obìnrin yìí. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ tó ń kán omi sí.

Ìgbà yẹn ni Anatolio tó gun òkè dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó lọ bá aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n dà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó dára, lé e. Ooru ṣì wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sì mú un kúrò. Doña Obdulia sún àpótí kan fún un kó fìdí lé.

"Bó ṣe gbóná lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyí," ni Anatolio wí.

Hersilia mọ ọjọ́ tó ń sọ. Síbẹ̀ ó ní, "Ọjọ́ wo?"

"Ọ̀rá tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ mọ̀ ọ́n." Kò wo ojú rẹ̀. "Mo wá ibi jókòó, ọwọ́ mi bá a, ó gbóná. Mi ò bi ara mi pé kí ló ń mú ìdọ̀tí gbóná. Mo wọ́ ọ jáde síwájú àga mi, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì lé e, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Bó bá jẹ́ pé mo gbé e síta ni, ilé ì bá má jó. Àràárọ̀ lẹ ń wá mu kọfí tí ẹ ò fẹ́ràn, tí ẹ ń wo ọwọ́ mi. Mo ní ẹ ti mọ̀ pé èmi ni. Mo ní ẹ ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni."

Nevardo ń wo àwọn méjèèjì, kò yé e. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un.

"Èmi ni mo dì í, don Anatolio," ni Hersilia wí. Ohùn rẹ̀ kò jọ èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. "Èmi ni mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́. Èmi ni."

"Mo mọ ẹni tó dì í. Ta ni mìíràn tó ń fi okùn di ọ̀rá lẹ́ẹ̀mejì?" Ó sọ ọ́ bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan kan. "Ìdọ̀tí lẹ dì. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Tèmi ni pé kí n máa ṣọ́ ibẹ̀."

Ó yẹ kí Hersilia tọrọ àforíjì. Ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá ló ti fi to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ó mọ ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó máa parí sí. Kò rí ọ̀kan mú nínú wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ọkùnrin náà, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ sórí bàtà rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ṣé ọ̀rá náà gbóná jù lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó sùn lọ.

"Rárá o," ni Anatolio wí. "Ó kàn móoru ni. Òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣọ́lé, ọjọ́ yẹn ni mo sùn dùn jù."